Oògùn Tí Wọ́n Sọ Lórúkọ Oorun

Ìta ni ìyàwó Gbọọrọ ti gbọ́ òórùn aṣọ tó ń jó. Ó gbé oúnjẹ àárọ̀ tó gbé wá fún ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù. Gbọọrọ dúró nídìí tábìlì bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti padé. Áyọ́ọ̀nù wà lórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà, èéfín ń rú lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá wọn! Ẹ jí o!" Ó fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ lára ògiri.

Gbọọrọ lajú. "Mo kàn ṣẹ́jú ni."

"Ẹ ṣẹ́jú, ẹ wá gbàgbé láti là á padà?"

Alágbàfọ̀ ni ọkùnrin yìí. Àwọn oníbàárà ló ń pè é ní Gbọọrọ, torí ìlà ṣòkòtò tó bá lọ̀ máa ń nà gbọọrọ látòkè délẹ̀. Kì í jó aṣọ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, oorun ló ń bí òórùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Oògùn yìí ló fẹ́ pa yín," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ dà á nù kó tó dáná sun gbogbo wa."

Gbọọrọ ká ṣẹ́ẹ̀tì tó jó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rántí bó ṣe wà kí oògùn náà tó dé: bó ṣe máa ń dojú kọ ògiri sùn látàárọ̀ dalẹ́, tí wíwẹ̀ lásán ń le bí ẹni fẹ́ gun òkè, tí aṣọ àwọn oníbàárà ń ga sí i nílẹ̀. Oògùn yìí ló gbé e dìde. Ṣé kó wá jù ú nù, kó padà sídìí ògiri, àbí kó máa lò ó, kó jó ṣọ́ọ̀bù? Ẹ̀rù méjèèjì ń bà á.

Nígbà tí dókítà fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yìí, ìyàwó rẹ̀ wo ayálégbé ọ̀tún, ó wo tòsì, ó rí i pé ẹnu wọn kò nílẹ̀kùn. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ náà wo ilé, wọ́n sì sọ oògùn ní "oògùn oorun".

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ bi wọ́n nílé ìwòsàn," Gbọọrọ wí níkẹyìn. "Bí wọ́n bá ní ká dà á nù, a ó dà á nù."

Obìnrin apoògùn tó wà nílé ìwòsàn gbọ́ ẹjọ́ ìyàwó tán, ó yíjú sí ọkọ.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ máa ń lò ó?"

"Bí oorun bá kọ̀ tí ò wá ni, mà. Màá kọ́kọ́ dúró dè é. Bí mo bá yí síhìn-ín, yí sọ́hùn-ún, tílẹ̀ fẹ́ mọ́, màá wá lò ó."

"Ọjọ́ tí oorun bá wá fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ni mo tún fẹ́ fi oògùn oorun ṣe lọ́jọ́ yẹn?"

"Ta ló sọ ọ́ ní oògùn oorun?"

Tọkọtaya wo ara wọn. "Èmi ni, mà," ìyàwó wí. "Ẹ mọ bí ẹnu ayé ṣe rí."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ń roni, ó sì ti ń ro oògùn yín. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Oorun yẹn, ó kàn mú un dání ni. Ojoojúmọ́ lẹ gbọ́dọ̀ lò ó, oorun wá ni o, kò wá ni o, lálẹ́, ní àkókò kan náà tí dókítà sọ. Bí ẹ bá lò ó nígbà tílẹ̀ ń mọ́, ìdí áyọ́ọ̀nù ni oorun ọ̀hún máa bá yín."

"Ẹnu mi tún ń gbẹ. Bí mo bá dìde, òòyì ń kọ́ mi. Ebi sì ń pa mí ṣáá."

"Ti ebi yẹn, òótọ́ ni," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ìkòkò ti ń bẹ̀rù wọn."

Apoògùn rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé ó ti rẹ òun náà. "Oògùn yìí lè fa gbogbo ìyẹn. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ó lè mọ́ yín lára. Bí kò bá mọ́ yín lára, dókítà lè dín in kù, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà lónìí. Títí ojú yín á fi dá, ẹ má fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù, ẹ má sì wa ọkọ̀."

"Ká kúkú má lò ó mọ́ ńkọ́?" ìyàwó béèrè.

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, mà. Bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, ara wọn lè máà lélẹ̀, àìsàn ọ̀hún sì lè padà wá."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ti rò ó rí pé ó sàn kẹ́ ẹ kú?"

Gbọọrọ wolẹ̀. "Mo ti rò ó, kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má jí mọ́."

"Ẹ ò sọ fún mi," ìyàwó rẹ̀ wí. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ọ̀lẹ ni mò ń pè yín nígbà yẹn."

"Mi ò lágbára tí mo lè fi sọ ọ́ ni."

Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Bí èrò yẹn bá tún dé, ẹ jí mi. Ìgbàkígbà tó bá jẹ́, ẹ jí mi."

Ọwọ́ náà ló fi mú un dé yàrá dókítà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí wọ́n bá fún yín ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń múni sùn, ẹ béèrè àkókò tó yẹ kẹ́ ẹ máa lò ó, ẹ sì béèrè ohun tó lè mú dání. Ẹ má fi ọtí lé e. Ẹ má fi oògùn mìíràn tó ń múni sùn kún un, títí kan ti ikọ́ àti ọ̀fìnkìn, láìbéèrè lọ́wọ́ apoògùn tàbí dókítà. Ẹ má fún ẹlòmíràn lò. Bí ó bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún yín. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Bí èrò ikú bá wá sọ́kàn, yálà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sọ fún ẹnì kan, kẹ́ ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ ará ilé yín ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń ṣe, ẹ má pè é lọ́lẹ. Ẹ bi í bó ṣe ń ṣe é, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ ohun tó máa sọ.