Èjì Tó Ju Mẹ́rìnlá Lọ

Ọmọbìnrin náà sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti ka ìwé méjèèjì tán. Kò kà wọ́n tán.

Ilé tí wọ́n ti ń háyà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni onílé fẹ́ tà. Bàbá rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ rẹ̀ kò ká a. Báǹkì kan ṣetán láti yá a lówó. Ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan pẹ̀lú ṣetán. Ẹni yòówù tí ì báà yá a, ilé náà ni yóò dúró fún gbèsè. Bàbá gbé ìwé àwọn méjèèjì síwájú ọmọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò kìíní nínú ìṣirò, tí gbogbo ilé sì ń pè ní Ọ̀gá Ìṣirò.

"Èmi a máa wọn pákó," ni bàbá wí. "Ìwọ bá mi wọn owó. Èwo ló dín?"

Mẹ́rìnlá lórí ọgọ́rùn-ún ni èlé báǹkì. Méjì péré ni ti ilé-iṣẹ́ kejì, ṣùgbọ́n àlàyé wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, kò yé e. Màmá rẹ̀ rí i pé ojú rẹ̀ dúró sójú kan. Ó ní kí wọ́n kúkú gbé ìwé náà lọ bá olùkọ́ ìṣirò, nítorí abèèrè kì í ṣìnà. Ojú ti ọmọ náà. Ọ̀gá wo ni yóò máa béèrè èyí tó kéré nínú méjì àti mẹ́rìnlá?

"Màámi, èyí ò tó ohun tí à ń gbé lọ bá olùkọ́. Èjì ló dín."

"Ṣé o kà á délẹ̀?" ni bàbá bi í.

"Mo kà á délẹ̀, Bàbá."

Bàbá fọwọ́ sí ìwé ilé-iṣẹ́ ayánilówó náà, ó sì ra ilé.

Nígbà tí sísan náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn, bàbá mú ọmọ rẹ̀ dání lọ sí ọ́fíìsì wọn. Akọ̀wé ibẹ̀ fi ìka sí àlàyé wínníwínní náà. Lọ́dún kan gbáko ni báǹkì ì bá gba mẹ́rìnlá, ìyẹn náà yóò sì máa dín bí gbèsè bá ṣe ń dín. Oṣooṣù ni tiwọn ń gba èjì, lórí gbogbo owó tí a kọ́kọ́ yá, títí dé ọjọ́ ìkẹyìn.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá," ni akọ̀wé wí. "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i."

Èjì lọ́nà méjìlá. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é.

Bàbá ta ẹ̀rọ ìfági rẹ̀ kó lè rí san. Láìsí ẹ̀rọ, iṣẹ́ falẹ̀, owó sì dá. Ilé-iṣẹ́ náà gba ilé, wọ́n sì tà á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kẹ́rù, ọmọ náà jẹ́wọ́. Bàbá ń tú pẹpẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ́ ògiri. Kò jágbe mọ́ ọn.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń wọn pákó kí n tó gé e," ló wí. "Ọ̀rọ̀ tìrẹ ni mo gbà láìwọ̀n."

Èlé tí a kọ gàdàgbà sójú ìwé kọ́ ni iye tí owó yíyá ń náni. Gbogbo ohun tí a ó san kí gbèsè tó tán ni. Ẹni tí nǹkan kò yé, tó sì ní ó yé òun, irọ́ ló pa, òun nìkan kọ́ sì ni yóò san án.

Yàrá kan ni gbogbo wọn ń gbé báyìí. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ọ̀gá Ìṣirò mọ́.