Mégádì Inú Fíìmù Kejì

"Ṣé o ti wo fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán?" Sherifat bi ọ̀rẹ́ rẹ̀, Motúnráyọ̀, léèrè bí wọ́n ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀ ní Òkòkòmáìkò.

"Mi ò tíì wo ẹyọ kan."

Ọ̀gá Àbáyọ̀mí, olùkọ́ Yorùbá wọn, ló ní kí wọ́n wo fíìmù mẹ́ta tí àgbà òṣèré kan náà, Alàgbà Kúmápàyí, ti kópa, kí wọ́n sì ṣe lámèyítọ́ wọn. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ni yóò ṣojú ilé ìwé níbi ìdíje. Gbogbo ojú ti wà lára Motúnráyọ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́ta tí bàbá rẹ̀, wẹ́dà ní Ìyànà Ìbà, ti ṣaláìsí, gbogbo ara rẹ̀ ti kú. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín. Fíìmù ni bàbá rẹ̀ fẹ́ràn jù, ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ fojú kan èyíkéyìí.

"Ẹnì kan ti kọ lámèyítọ́ wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì," Sherifat wí. "Màá fi ránṣẹ́ sí ẹ. Dà á kọ, kó o sinmi jàre. Ta ló máa mọ̀?"

Ó dà á kọ láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ ń kọ, ọkàn ò sí níbẹ̀. Ká ní o bi í ní ohun tó kọ, kò ní lè sọ gbólóhùn kan.

Iṣẹ́ náà ló gba ipò kìíní. Olùkọ́ ní kó kà á níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ ìpàdé. Ìyá rẹ̀ wá láti Ìbà, ó wọ aṣọ dúdú, ó jókòó síwájú.

Motúnráyọ̀ ń kà á lọ geere, títí ó fi dé ojú ewé kejì: "Alàgbà Kúmápàyí gbé eré náà ró. Ṣùgbọ́n mégádì inú fíìmù kejì ba ìran náà jẹ́. Òpó géètì sàn jù ú lọ."

Ohùn rẹ̀ dúró. Bàbá rẹ̀ ni mégádì náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó ṣeré láyé rẹ̀ nìyẹn, odindi ọdún kan ló sì fi ròyìn rẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti dorí kodò.

Bí ó bá dákẹ́, òun ló bú bàbá òun lójú ìyá òun. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀, ìdíje ti lọ.

"Máa kà á lọ," olùkọ́ wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́. Mo dà á kọ ni. Mi ò wo fíìmù kankan."

Òdo ni wọ́n fún un. Jídé, ọmọ kíláàsì wọn tó gba ipò kejì, ló lọ síbi ìdíje.

Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó tan fíìmù kejì, ó sì ní kó wá jókòó. Bàbá rẹ̀ ṣí géètì fún Alàgbà Kúmápàyí, ó tẹríba. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí kámẹ́rà gangan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo kìlọ̀ fún bàbá ẹ kí wọ́n má wo kámẹ́rà," ìyá rẹ̀ wí. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó o rí ojú àwọn dáadáa."

Motúnráyọ̀ kò sunkún síbẹ̀. Ó kàn ní kí ìyá rẹ̀ dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, ó sì tún un wò. Nígbà tó yá, ó mú bírò, ó kọ ọ́ pé: "Mégádì yìí kò mọ eré ṣe. Bàbá mi ni. Èmi ni wọ́n ń wò."

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹni tó bá da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, àti èébú inú rẹ̀ ló dà kọ. Ojú ara yín ni kí ẹ fi wò ó.