Ìgbéyàwó Lẹ́nu Ọ̀nà Ibi Ìwakùsà

Àárín títì ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Á-Tung. Èmi àti bàbá mi, Wilang, pẹ̀lú àwọn ará abúlé wa, la dínà mọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń kó òkúta símẹ́ńtì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ilẹ̀ àwa ẹ̀yà Truku ni òkè náà. Ibẹ̀ la sin àwọn babańlá wa sí.

Ọkọ̀ Á-Tung ló ṣáájú. Ó fọn fèrè títí, ó yọrí síta.

"Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí n tẹ̀ yín pa ni?"

"Tẹ̀ mí. Àwọn babańlá mi tí o ti ń tẹ̀ bọ̀, ṣé wọ́n pariwo?"

Ó pa ọkọ̀, ó wá jókòó tì mí. "Sọ fún mi," ló wí. Mo sọ ọ́, títí omi fi lé ròrò sí i lójú.

Ó di ẹni tó ń wá bá mi lóko jéró wa. Ìfẹ́ rẹ̀ kó sí mi lára. Ṣùgbọ́n bàbá mi fárí gá.

"Ọmọ ẹ̀yà Hakka tó ń fi òkè wa jẹun? Tapas, ṣé ọkùnrin ti tán láyé ni?"

Ìyá Á-Tung náà ní òun ò ní fi ará òkè ṣe ìyàwó ilé láéláé.

"Olólùfẹ́ mi, mi ò ní fẹnu bẹ bàbá ẹ," Á-Tung sọ fún mi. "Ìwà mi ni yóò bá mi bẹ̀ ẹ́."

Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀. Ó pè wọ́n jọ, ó ní kí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ títí ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì náà yóò fi gbà láti máa gbàṣẹ lọ́wọ́ wa kó tó walẹ̀. Hsiung, awakọ̀ àgbà kan, bú sẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé! Nítorí obìnrin lo ṣe fẹ́ febi pa wá?"

Mo ti bá Á-Tung wá sípàdé náà; mo dìde. "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí òkè ya lu àwọn awakọ̀ yín, ta ló fọwọ́ hú wọn jáde? Àwa ará òkè yìí ni. A ò bi wọ́n léèrè ẹ̀yà wọn."

Hsiung ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé òun gbà láti daṣẹ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ òfìfo tò lọ bẹẹrẹ síwájú géètì ibi ìwakùsà, gbogbo wa sì jókòó síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lé Á-Tung lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ó wí.

"Ó ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n a ò ní dìde."

Òjò pa wá, oòrùn pa wá. Bàbá mi gbé ọ̀dùnkún sísun wá, ó jókòó ti Á-Tung, ó bó ọ̀kan fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá Á-Tung sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé agbọ̀n ìrẹsì tí wọ́n fi ewé wé dání.

"Èwo ni Tapas?"

"Èmi ni, mà."

Ó wò mí títí. "O ti rù jù. Mo ti gbọ́ bí o ṣe dúró ti ọmọ mi. Jẹun, ìyàwó mi. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn lè jà." Ó wá kọjú sí bàbá mi: "Àna mi, ẹlẹ́dẹ̀ mélòó lẹ ń gbà fún owó orí?"

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ síwèé pé àwọn ò ní walẹ̀ láìgbàṣẹ wa mọ́, tí wọ́n sì gba Á-Tung padà, ẹnu géètì náà la ti ṣègbéyàwó. Bàbá mi pa ẹlẹ́dẹ̀, ó sì ń pín ẹran náà. Láàárín àwa Truku, ẹbí nìkan ló máa ń jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ó na ìpín kan sí Hsiung.

"Bàbá, èmi kì í ṣe ẹbí yín o."

"Gba ẹran ẹ, ọmọ mi," ni bàbá mi wí, "kó má baà tutù."