Ríbọ́ọ̀nù Yẹ́lò Lára Igi Ewald

Nígbà tí Irmtraud Köhnlein fi máa bomi rin òdòdó orí sàréè ọkọ rẹ̀ tán, tó sì padà délé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, kò sí ẹyọ ápù kan mọ́ lórí igi tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n láàárọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù lára igi ni ríbọ́ọ̀nù yẹ́lò kan tí ẹnìkan so mọ́ ọn, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń juwọ́ ó dàbọ̀ sí i.

Ènìyàn irínwó ó lé méjìlá ló ń gbé Hinterdornbach, gbogbo wọn ló sì mọ ìtumọ̀ ríbọ́ọ̀nù yẹ́lò. Ẹni tí èso rẹ̀ bá pọ̀ jù á lọ gba ríbọ́ọ̀nù ní ọ́fíìsì Méyọ̀, á so ó mọ́ igi, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá sì lè ká a láì tọrọ àyè. Ṣùgbọ́n Irmtraud kò gba ríbọ́ọ̀nù, kò sì so nǹkan kan.

Ewald ọkọ rẹ̀ ló gé ẹ̀ka lára igi ògbólógbòó bàbá rẹ̀ kí ìjì tó wó o, tó dì í mọ́ igi kékeré kan kí méjèèjì lè dàgbà di ọ̀kan, tó sì fi ọdún méje tọ́jú rẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún yìí ni Ewald kú. Oṣù Karùn-ún ni igi náà kọ́kọ́ yọ òdòdó. "Ápù yìí kì í ṣe ti oníwàǹwára o," ni Ewald máa ń wí. "Bí òkúta ló ń le lọ́jọ́ tí a bá ká a. Tẹ́ ẹ sínú koríko gbígbẹ di Kérésìmesì, ìgbà yẹn lo máa mọ ohun tí mo ń sọ." Ohun kan ṣoṣo tí Irmtraud ń retí nínú ọdún burúkú yẹn nìyí: kó jẹ ẹyọ kan lọ́jọ́ Kérésìmesì, kó sì mọ ohun tí ọkọ òun ń sọ.

Méyọ̀ Annegret Stöhr gun katakata rẹ̀ dé, bàtà oko sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mà rí ẹni tó ká a."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Fìlà àwọn tó ń sin oyin ló dé, èyí tí àwọ̀n bo ojú ẹ̀. Mo rí ríbọ́ọ̀nù, mo ní kò burú."

"O wá ṣe kí ni?"

Méyọ̀ wolẹ̀. "Mo bá a di àkàbà mú."

"Annegret! O bá olè di àkàbà mú?"

"Àkàbà ń mì ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n máa wò ó kó já lulẹ̀ ni?"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, igi mọ́kànlá ló ti ṣófo ní ìlú náà. Gbogbo rẹ̀ ló ní ríbọ́ọ̀nù, kò sì sí onígi kan tó so ó. Inú bí Lothar Giesecke ju gbogbo ènìyàn lọ. Òun ni alága ìgbìmọ̀ ríbọ́ọ̀nù, òun ló ń fi sísọ́ọ̀sì gé e fún àwọn onígi, òun náà ló sì ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì ní gbọ̀ngàn ìlú, kọfí dà sílẹ̀.

"Ìwà ẹranko nìyí! Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Èmi fúnra mi ni màá mú un!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Hinterdornbach kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Láti ìlú kejì ni Detlef Rübsam ti gun kẹ̀kẹ́ wá, ọ̀dọ́kùnrin tí kò fi eré ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sídìí igi Ewald, ó wo ríbọ́ọ̀nù náà bí dókítà ṣe ń wo egbò.

"Màmá, ẹ wo bí wọ́n ṣe ta á ní kókó. Ẹni tó bá lè ta irú kókó yìí ni olè wa."

Ó kó gbogbo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ panápaná jọ, ó fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní okùn. Ọgbọ̀n ènìyàn ó lé kan ta okùn, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ewald ló kọ́ gbogbo wọn ní kókó títa nínú ẹgbẹ́ náà.

Rübsam nu ojú. "Ó túmọ̀ sí pé gbogbo ìlú yìí ló jalè."

"Àti èmi náà?" Méyọ̀ bi í.

"Ibo lẹ wà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Màdáámú?"

"Nídìí àkàbà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Irmtraud kò dúró dè wọ́n mọ́. Ó ti rò ó dáadáa: olè náà mọ̀ pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni òun máa ń lọ sí itẹ́ òkú. Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun mìíràn pé, ó gbé agolo ìbomirin rẹ̀, ó kí gbogbo ẹni tó rí lójú ọ̀nà, ó dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba inú pápá padà, ó sì wọ inú ilé adìyẹ aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló jókòó sí, àkùkọ kan ń wò ó tìfura-tìfura. Igi púlọ́ọ̀mù aládùúgbò náà, èyí kan ṣoṣo tí olè kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ìlú, wà níwájú Irmtraud; láti ilé rẹ̀ nìkan ni ènìyàn sì ti lè rí i.

Kò pẹ́, fìlà olóyin yọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọ ríbọ́ọ̀nù lápò.

"Dúró níbẹ̀, ìwọ ọ̀bàyéjẹ́!"

Irmtraud já jáde pẹ̀lú agolo rẹ̀. Àwọn adìyẹ tẹ̀ lé e. Olè náà fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó gba àárín kábéèjì kọjá, ó dé ibi ògiri ọlọ́sìn màlúù, ó sì fò ó láìwo ohun tó wà lódìkejì. Kòtò ìgbẹ́ màlúù ló wà níbẹ̀. Irmtraud gbọ́ "Pọ̀ọ̀!", ó sì gbọ́ ohùn jínjìn kan tó ń pe Ọlọ́run. Nígbà tó fi máa yí ògiri náà ká, fìlà nìkan ló kù, tó léfòó bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń lúwẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìpàdé tún wà ní gbọ̀ngàn. Lothar wọlé. Òórùn lọ́fínńdà tó ń bọ̀ lára rẹ̀ pọ̀ débi pé Méyọ̀ sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Lothar, ìgò mélòó lo dà sára?"

"Ọkùnrin ò tún lè fín lọ́fínńdà ni?"

"Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́," ni Irmtraud wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "òórùn ọṣẹ nìkan ni mo máa ń gbọ́ lára rẹ."

Ó fa Rübsam sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọlọ́pàá mi orí.

"Màmá, òfin ò gbà mí láyè kí n mú ènìyàn torí pé ara ẹ̀ ń ta sánsán. Ẹnu ara ẹ̀ ló máa fi jẹ́wọ́."

"Á fi ẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́," Irmtraud dáhùn.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Ìkórè dé. Irmtraud ló máa ń to òdòdó sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni gbogbo ìlú ti kó nǹkan wá síwájú pẹpẹ: elégédé, búrẹ́dì, ànàmọ́, oyin. Agbọ̀n Lothar ló tóbi jù lọ. Èso àjàrà ṣàn létí rẹ̀, púlọ́ọ̀mù kún àárín. Irmtraud yọ ríbọ́ọ̀nù tó tú lára igi ọkọ rẹ̀ nínú báàgì, ó so ó mọ́ ọwọ́ agbọ̀n náà, ó ta á ní kókó bí Ewald ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó, ó ṣí ìwé orin rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣe àmín tó kẹ́yìn, Méyọ̀ ló kọ́kọ́ rí i.

"Ríbọ́ọ̀nù yẹ́lò. Ó dáa, a lè mú." Ó mú púlọ́ọ̀mù méjì. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, torí ní Hinterdornbach, a kì í ti ara wa.

Láàárín ẹgbẹ́ akọrin, ohùn ìsàlẹ̀ kan bú jáde. "Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Ríbọ́ọ̀nù wà lára ẹ̀ kẹ̀, Alága," Méyọ̀ wí, púlọ́ọ̀mù lẹ́nu.

"Ayédèrú ni! Ojúlówó kọ́!"

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ṣé mi ò wá ní mọ èyí tí mo so ni? Mọ́kànlá péré ni mo so, ara igi sì ni gbogbo ẹ̀ wà! Mi ò so ìkankan mọ́ agbọ̀n!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú sí i. Ẹni tó ń tẹ dùùrù fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ibi tí kò yẹ, dùùrù ké.

Rübsam dìde ní ìjókòó ẹ̀yìn, ó ti yọ ìwé rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gbẹ́ni Giesecke, ẹ tún un sọ. Mélòó lẹ ní?"

Lothar jókòó pẹ̀lẹ́ sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ. Ojú rẹ̀ pọ́n bí elégédé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mọ́kànlá."

"Kí ló dé?"

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbé ìlú yìí. Mi ò ní igi kan. Ọdọọdún ni mo máa ń gbé ẹ̀wà inú agolo wá fún ìkórè, ọdọọdún náà ni pásítọ̀ máa ń gbé e sẹ́yìn àbẹ́là." Ó fi ìka tọ́ka. "Lẹ́yìn ọ̀hún yẹn."

Pásítọ̀ wo àbẹ́là, ó wo ilẹ̀.

Irmtraud ti ń tú inú agbọ̀n náà. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó rí ápù rẹ̀ nínú tówẹ́ẹ̀lì kan. Ó kà wọ́n. "Méjìdínlógún. Ẹyọ kan dà?"

Lothar fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mo bù ú jẹ."

"O bù ú jẹ nínú oṣù Kẹsàn-án?"

Ó la ẹnu. Àlàfo kan wà níwájú, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. "Eyín mi ṣì wà nínú ẹ̀."

Irmtraud kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bú lẹ́nu òun. Láti oṣù Kẹta, kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, ó di àwọn ápù náà mọ́ àyà, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì bá a rín in, títí kan pásítọ̀.

Rübsam mú Lothar. Nígbà tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló gùn wá, orí katakata Méyọ̀ ni wọ́n gbé ọ̀daràn náà lé dé àgọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ìdájọ́ rẹ̀ kò le jù: kó bẹ àwọn onígi lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì máa gbá ewé ìdí igi mọ́kànlá náà títí òtútù yóò fi lọ.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, Irmtraud mú ápù kan nínú koríko gbígbẹ, ó gé e sí méjì, ó fi ìdajì síwájú àga Ewald. Ó jẹ tirẹ̀. Ó ti rọ̀, ó sì dùn bí oyin.

"Òótọ́ lo sọ," ló wí fún àga náà.

Nínú oṣù Kejì, ó gé ẹ̀ka kan lára igi náà, ó gbé e lọ sílé Lothar, ó dì í mọ́ igi kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn sínú ọgbà rẹ̀. Lothar dúró tì í, eyín tuntun lẹ́nu, ó ń wò bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irmtraud ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ríbọ́ọ̀nù yẹ́lò jáde láti fi so ó.

"Màmá Köhnlein, ẹ jọ̀ọ́," Lothar bẹ̀bẹ̀, "ẹ ò ní àwọ̀ mìíràn ni?"

Irmtraud wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yọ okùn aláwọ̀ ewé tó ti mú dání láti ilé.