Àdírẹ́sì Tó Lọ́ra

Iwájú kọ̀ǹpútà ni ọmọbìnrin kan jókòó sí, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì pagbo yí i ká bí ẹni ń wòran. Ìyá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Òun ni olùkọ́ wọn ní kó yan àdírẹ́sì tí Ẹgbẹ́ Àgbájọ yóò máa lò.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni ẹgbẹ́ yìí ń ṣe. Bí kíláàsì bá ti parí, kọ̀ǹpútà ilé-ìwé á máa bá àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe ìṣirò lórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìṣirò náà ju agbára ẹ̀rọ kan lọ, ni wọ́n fi pín in fún àwọn olùyọ̀ǹda káàkiri. Àgbájọ ọwọ́ la sáà fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ilé-ìwé kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ náà tààrà, àfi kó gba ọwọ́ kọ̀ǹpútà alárinà kan tí yóò máa gbé iṣẹ́ wá, tí yóò sì máa gbé èsì lọ.

Alárinà méjì ló wà, èyí tí wọ́n bá sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ni yóò máa bá wọn ṣiṣẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé ìkàwé ìlú, ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ san gbèsè. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ló rí èkejì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ó yára bí àṣá. Ìdíje sì wà láàárín àwọn ilé-ìwé: èsì kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ bá fi ránṣẹ́ ló ní máàkì tirẹ̀. Ọmọbìnrin náà yan èyí tó yára.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé òkè téńté. Gbogbo wọn ń yan fanda. Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí iná lọ, tí gbogbo ẹ̀rọ kú, síbẹ̀ tí máàkì wọn ń gòkè. Nígbà tí iná dé tí ọmọbìnrin náà rí èyí, ó yẹ iṣẹ́ wọn wò fínnífínní. Àṣé èsì àtijọ́ ni alárinà náà ń yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà, tó ń fi ránṣẹ́ lórúkọ wọn.

Ó sọ fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Ta ló máa mọ̀?" ni ìyẹn wí. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdíje ti fẹ́ parí."

Nígbà tó délé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lórí ibùsùn, ìyá wọn ń fi omi gbígbóná jó o lórúnkún. Àrùn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí yìí gan-an ló ń bá a fínra láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó béèrè bóyá kọ̀ǹpútà wọn ti rí oògùn òun. Àbúrò rí i pé nọ́ńbà irọ́ lè ṣi àwọn dókítà lọ́nà.

Ní òwúrọ̀, ó jẹ́wọ́ fún olùkọ́, ó yí àdírẹ́sì padà sí ti ilé ìkàwé, wọ́n sì ní kí àwọn onímọ̀ náà pa máàkì èké rẹ́. Ẹgbẹ́ já wá sí ìsàlẹ̀. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pàápàá kó ìwé rẹ̀ lọ sí ìjókòó mìíràn.

Lẹ́yìn ìdíje, obìnrin kan láàárín àwọn onímọ̀ náà pe olùkọ́ lórí fóònù, olùkọ́ sì jẹ́ kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Obìnrin náà ní ẹgbẹ́ púpọ̀ ló lo alárinà yẹn, ẹyọ kan ló sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi rí nọ́ńbà irọ́ mú kó tó ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ó béèrè ọmọ tó ṣe é.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló dìde. "Ìyá Kọ̀ǹpútà wa ni, mà. Èmi ni mo mú àdírẹ́sì burúkú yẹn wá. Òun ló sọ òótọ́."

Àtẹ́wọ́ gba yàrá náà kan. Ilé-ìwé mìíràn ló gba ife ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n orí olùkọ́ wú. Nílé, ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde síta, ó ń sọ fún gbogbo aládùúgbò pé, "Àbúrò mi nìyẹn o."

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Èèyàn lè ṣi ọ̀nà yàn, kó má tijú àtipadà. Ipò kìíní tí a fi irọ́ gbà kò tó ipò ìkẹyìn tí a fi òótọ́ dúró sí, nítorí ibẹ̀ lèèyàn ti lè gbórí sókè.