Ọ̀rẹ́ Tí Kò Lójú

"Tún un tẹ̀!" Fọláwùmí jágbe.

Zùwáírátù tún un tẹ̀. Kọ̀ǹpútà tún dá wọn lóhùn pé páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ̀ kò lè ṣí àpótí ímeèlì náà.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ẹ̀rọ yín yìí! Ó ti sú mi!" ni Fọláwùmí wí.

Ọkùnrin tó ni káfè íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wà ní Àgbowó wò ó, ó sì mi orí. "Ẹ̀rọ mi ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù yín ni."

Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ni olóòtú ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Bódìjà. Lọ́dún 1999 yẹn, íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ìbàdàn ni. Wọ́n ṣí àpótí náà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìlọrin lè máa fi ìtàn ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn méjì péré ló sì mọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

"Zùwá, ta lo sọ ọ́ fún?"

Zùwáírátù ń wo ilẹ̀. "Tony ni. A jọ máa ń tàkurọ̀sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní London lòun wà, pé òun máa bá wa tún àpótí náà ṣe."

"O ti rí i rí?"

"Rárá, ṣùgbọ́n ó ní—"

"Ó ní, ó ní! Bí mo bá ní ká ṣiṣẹ́, wàá ní kí n ní sùúrù, ẹnì kan ń fèsì fún ọ. Àṣé Tony yìí ni! Ojú lọ̀rọ̀ wà o, Zùwá! Ẹni tí o ò mọ ojú ẹ̀ lo kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún!"

Zùwáírátù kọ̀wé sí Tony, ó bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ni Tony fi fèsì. Zùwáírátù kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyáàfin Oyèbọ́lá, olùkọ́ wọn, pè wọ́n sí ọ́fíìsì. Ẹnì kan ti ti inú àpótí wọn bú àwọn ọmọ Ìlọrin, ó ní ìtàn wọn kò wúlò ju kí wọ́n fi pọ́n àkàrà lọ. Ọmọbìnrin kan nínú wọn, Gbémisọ́lá, ti búra pé òun kò ní kọ nǹkan kan mọ́ láyé òun.

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, mà," ni Zùwáírátù wí, omi ti lé róró sójú rẹ̀.

"Mo mọ̀. Orúkọ yín ló wà lábẹ́ rẹ̀, àbí òun kọ́? Ta ni kí wọ́n wá bá wí?"

Ní Sátidé, olùkọ́ mú Zùwáírátù wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Ó dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ó sì tọrọ àforíjì. Àwọn kan kígbe lé e. Gbémisọ́lá kò kígbe ní tirẹ̀.

"Inú káfè ni mo ti tẹ ìtàn mi, inú àpótí yín nìkan ló sì wà," ló wí. "Mi ò ní ẹ̀dà rẹ̀."

"Máa sọ ọ́," ni Zùwáírátù bẹ̀ ẹ́. "Èmi á máa kọ ọ́."

Gbémisọ́lá kọ̀. Ó tún kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó yá, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Zùwáírátù ń kọ títí ọwọ́ fi ń ro ó.

Ìtàn yẹn nìkan ni wọ́n rí gbà padà. Ìyókù ti wọmi. Zùwáírátù wá rí i pé ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ síni lọ́wọ́ kì í ṣe tẹni nìkan: bí a bá gbé e fún àjèjì, ẹni ẹlẹ́ni ló ń sunkún rẹ̀.