Ọkọ̀ Tó Ń Kúnlẹ̀ fún Àgbà

Ọjọ́ tí ọkọ̀ Ẹniafẹ́ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ní gbangba ní ìlú Ìdí-Ahùn, ìyá arúgbó kan tó ń kọjá lọ ju igbá orí rẹ̀ nù, ó sì sá. Ta ni kò ní sá? Pikọ́ọ̀pù onírin, tó dàgbà ju ìyá náà fúnra rẹ̀ lọ, rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú ewú lórí. Ó fi táyà tẹ ilẹ̀ wò díẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kò, ó tẹrí ba títí imú rẹ̀ fi kan yẹ̀pẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá náà rí i pé kò lé òun, ó yọ́ padà wá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Dìde." Ọkọ̀ dìde. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo arúgbó ìlú ti ń wá ìdí tí wọn yóò fi gba iwájú ilé iṣẹ́ Ẹniafẹ́ kọjá.

Ó yẹ kí a sọ bí ayé ṣe rí nígbà náà. Àwọn ènìyàn ti pa ọ̀nà ilẹ̀ tì fún ìran mélòó kan. Àwòdì ni wọ́n ń wọ̀, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tó ń fò láti àgbàlá dé àgbàlá. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n á ní orí rẹ̀ kò pé. Koríko bo títì, afárá wó, kò sí ẹni tó bìkítà. Ìgbà tó yá ni oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Bí àwọn ará ìlú ṣe ń pè é nìyẹn, nítorí pé àlàyé àwọn onímọ̀ gùn ju ohun tí etí lè gbà lọ. Oòrùn á sín, agbára kan tí ojú kò rí á tú jáde lára rẹ̀, gbogbo àwòdì tó wà lókè á sì já lulẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sin òkú tó pọ̀ tó, wọ́n rántí pé àwọn ní ẹsẹ̀. Wọ́n wú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ jáde nínú àkìtàn, wọ́n fi bátìrì sí wọn níkùn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nílẹ̀ bí àwọn baba ńlá wọn.

Ẹniafẹ́ kò wú tirẹ̀ jáde nítorí òwò. Nítorí bàbá rẹ̀ ni. Bàbá Oyèdòkun ń gbé ní orí Òkè Apárá, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọ̀n gbàǹgbà mú omi nínú ìkùukùu láyé àwòdì. Ìlú ńlá ni nígbà náà. Nígbà tí àwòdì kò fò mọ́, àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ilé kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi ku bàbá náà nìkan. Orúnkún rẹ̀ ti kọṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀, ìyá Ẹniafẹ́, sì wà nínú yàrá ìgbàlejò níbi tí wọ́n sin ín sí. Àràárọ̀ ni bàbá ń jókòó tì í, tó ń sọ fún un bí òun ṣe sùn.

Ẹniafẹ́ náà ń dá gbé nísàlẹ̀. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ó ń se oúnjẹ ẹni kan, ó ń dá a jẹ lórí àpótí irinṣẹ́, ó sì ti ń bá sípánà sọ̀rọ̀ láìmọ̀. Ohun tó dunni ni, kí bàbá wà lókè, kí ọmọ wà nísàlẹ̀, kí kálukú wọn máa dá jẹun nítorí àpáta lásán. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá fara balẹ̀, wọ́n máa ń gbọ́ ohùn ara wọn lórí ẹ̀rọ agbóhùn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin wá gbé yín sọ̀ kalẹ̀."

"Àwẹ̀ró," oríkì rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi ń pè é, "òkú ni wọ́n ń gbé. Bí mo bá kú, kí wọ́n wá gbé mi. Mo ṣì wà láàyè."

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe agbára ni ọkọ̀ fi ń gun àpáta, ẹsẹ̀ ni. Sípíríìngì àtijọ́ le gbagidi: bí táyà kan bá gun òkúta, á gbé èkejì rẹ̀ kúrò nílẹ̀, táyà tó wà lófuurufú á máa yí lásán, ọkọ̀ á sì dúró. Ẹniafẹ́ tú gbogbo rẹ̀ dànù. Ó yọ ọ̀pá sitabiláísà, irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì kí ọkọ̀ má baà máa fì. Ó yọ sípíríìngì, ó sì fi iṣan-irin rọ́pò rẹ̀, ìyẹn okùn irin tí wọ́n hun bí iṣan itan ènìyàn, tó ń nà, tó sì ń sún kì bí iná bá gbà á kọjá. Ó wá ṣọ́ọ̀kì, ọ̀pá tó ń gba ìfò táyà, tó gùn ní ìlọ́po méjì. Nígbà tó parí, táyà kan lè wà lórí òkúta tó ga tó àyà ènìyàn, kí èkejì wà nínú kòtò, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì di ilẹ̀ mú. Ó pe iṣẹ́ náà ní ẹsẹ̀-rírọ̀.

Ó wá ku bí bàbá ṣe máa wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó gùn lẹ́sẹ̀ báyìí ga ju ohun tí orúnkún rẹ̀ lè gùn lọ, gbígbé kò sì sí. Ẹniafẹ́ bá kọ́ ọkọ̀ ní ìkúnlẹ̀. Ó fún un ní ojú tó ń dá ewú àti ìrìn àgbà mọ̀, kí ó lè kúnlẹ̀ síhà ibi tí àgbà bá ti ń bọ̀. Ó kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ dìde àfi bí àgbà bá dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń ṣe.

Òun nìkan ló gun òkè lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọkọ̀ náà ń fà á lọ lórí àpáta bí alángbá, ẹsẹ̀ kan ń nà, ẹsẹ̀ kan ń ká, irin ń ké, ìdí Ẹniafẹ́ sì ń fò lórí àga. Nígbà tó dé orí òkè, àwọ̀n ìkùukùu tó ti ya ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí àwọn ilé òfìfo. Bàbá Oyèdòkun dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ rí i, ó dúró. Ó fi táyà ọ̀tún tẹ ilẹ̀, ó fi tòsì tẹ̀ ẹ́, ó tún fi tọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Kí ló ń wò?"

"Ó ń yẹ ilẹ̀ wò, Bàbá, bóyá ó tẹ́jú, kó má baà ṣubú."

"Ìwọ, ní kékeré rẹ, ǹjẹ́ o yẹ ilẹ̀ wò rí kí o tó kúnlẹ̀ kí mi?"

"Rárá, Bàbá."

"Ọmọ tó ń ronú kó tó kí bàbá rẹ̀, kò fẹ́ kí i ni." Kí ọkọ̀ tó kúnlẹ̀ tán, bàbá ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ti wọlé.

Ẹ má bínú sí i jù. Ẹni tó bá ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kó lọ, kò ní ṣàì rí i. Ibi tí ìyàwó rẹ̀ sùn sí ni kò lè fi sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni kò gbà á láti sọ. Wọ́n jọ jẹun lọ́sàn-án náà, bàbá ní kí ọkọ̀ dìde láìwò ó, ọmọ sì dá ọkọ̀ rẹ̀ wà padà.

Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Lápàdé gbọ́ ohun tí Ẹniafẹ́ fẹ́ ṣe, ó wá bá a ní ilé iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́. Ìwúwo àti ìdúró ẹ̀rọ ni iṣẹ́ tirẹ̀.

"Wọ́n ní o fẹ́ yọ ìyẹ̀wò ilẹ̀ kúrò lára rẹ̀."

"Àbí kí n yọ bàbá mi kúrò láyé mi?"

"Gbọ́, Ẹniafẹ́. Ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ yìí lè gun òkúta náà ló lè dà á nù. Kò sí irin tó so ọ̀tún mọ́ òsì mọ́. Bó bá kúnlẹ̀ síhà ìsàlẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ òkè á kàn nà tẹ̀ lé e ni, kò ní fà á padà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ."

"Àgbà ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ là ń wò ká tó kí àgbà?"

Onímọ̀ ni Lápàdé, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bí i sí, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ sí bí àgbà bá pàdé wọn nínú ẹrẹ̀. Ó dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti pariwo.

"Èmi fúnra mi ni n ó máa wà á," Ẹniafẹ́ rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò ní dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

Ó yọ ìyẹ̀wò náà kúrò.

Nígbà tó tún gun òkè, ọkọ̀ kò ṣe bí ẹni ń ronú. Bí bàbá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó kúnlẹ̀ gbì! Ilẹ̀ mì, àwọn adìẹ sá. Bàbá Oyèdòkun bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí Ẹniafẹ́ kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

"Obìnrin ni? Kí ló dé tí kò dọ̀bálẹ̀?"

"Bó bá dọ̀bálẹ̀, Bàbá, ta ló máa gbé e dìde?"

"Ó káre. Dìde, ọmọ mi." Ọkọ̀ dìde. Bàbá wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. N ó bá ọ lọ."

Ó wọlé lọ sí yàrá ìgbàlejò. Ẹniafẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta. "Ìyá Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ ní òun ò fẹ́ dá jẹun mọ́. Mo ń lọ bá a jẹun. Má bínú sí mi." Lẹ́yìn náà ló jáde, ó tú àwọn adìẹ sílẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, bàbá di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù kò bà.

"Kí la máa jẹ lálẹ́?"

"Iṣu. Mo ti ra ìkòkò tó tóbi."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Wọ́n ti sọ̀ dé ìdajì nígbà tí bàbá ní kó dúró, òun fẹ́ tọ̀.

"Ẹ fara dà á díẹ̀, Bàbá. Ibí yìí dà gẹ̀rẹ́."

"Ọjọ́ orí mi ti kọjá ìfaradà, Àwẹ̀ró. Àbí kí n tọ̀ sínú ọkọ̀ rẹ?"

Ó dá ọkọ̀ dúró. Bàbá gba ìhà òkè sọ̀ kalẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá kì í tọ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó wá òkúta ńlá kan rí ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó gba ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí ojú ẹ̀rọ kò dé, ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta náà. Nígbà tó ṣe tán, ó tún ṣòkòtò rẹ̀ dè, ó sì yọ orí. Ọkọ̀ rí ewú.

Ó kúnlẹ̀. Kò yẹ ilẹ̀ wò. Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ méjèèjì ká wọlé, ẹsẹ̀ òkè méjèèjì sì nà tẹ̀ lé wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, táyà kankan kò kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ náà dára, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò dára. Ẹniafẹ́ tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ló kọ́ ọ pé àgbà nìkan ló lè gbé e dìde.

Bàbá Oyèdòkun dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pẹ́ jù tí ẹnikẹ́ni ti kúnlẹ̀ kí i. Adìẹ kì í kúnlẹ̀, òkú kì í kúnlẹ̀. Ìkíni náà dùn mọ́ ọn. Ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.

"Bàbá! Ẹ ní kó dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dìde!"

"Dìde, ọmọ mi."

Ìwúwo ti kọjá ibi tí ohùn lè dá a padà. Ọkọ̀ dojú dé, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá òkúta tí bàbá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣẹ́rí, ó sì yí gbirigbiri lọ sínú ọ̀gbun. Ariwo rẹ̀ pẹ́ kó tó tán. Eruku bo bàbá mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò fara pa rárá.

Ó jókòó, ó sì ń fi ìdí wọ́ lọ sísàlẹ̀ lórí àpáta. Ọkọ̀ náà fẹ̀yìn lélẹ̀, ó kọ táyà sókè. Ojú rẹ̀ kan ṣì ń tàn. Bí ó ti rí bàbá, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í ká lófuurufú, díẹ̀díẹ̀. Bàbá kò wò ó. Ó ti ọwọ́ bọ ojú fèrèsé, ó kan orí ọmọ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró. Ó tó. Dìde."

Kò dìde.

Nílẹ̀ wa, bàbá kì í sin ọmọ. Wọn kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀, wọn kì í tilẹ̀ jẹ́ kó mọ ojú oórì. Ẹbí àti aládùúgbò ní í ṣe é, nígbà tí àwọn mìíràn bá di bàbá mú nínú ilé. Ta ni ẹbí lórí Òkè Apárá? Ta ni aládùúgbò? Bàbá Oyèdòkun fa ọmọ rẹ̀ jáde bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Àpáta kò ṣeé gbẹ́, nítorí náà bàbá ń kó òkúta, ó ń tò ó lé ọmọ rẹ̀ lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń sunkún sókè, nítorí kò sí ẹni tó máa gbọ́.

Nígbà tí agbóhùn Ẹniafẹ́ kò dáhùn, Lápàdé kó àwọn ọkùnrin jọ, wọ́n sì fẹsẹ̀ gun òkè wá. Bàbá ni wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì òkúta náà, èékánná rẹ̀ ti ya. Lápàdé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá kò ní kó dìde, kò sì ní kó má dìde. Lápàdé dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń sunkún sórí àpáta. Àwọn ọkùnrin yòókù ló wá bẹ bàbá.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Ìdí-Ahùn. Ẹ ò lè dá wà níbí."

Bàbá Oyèdòkun gbé ojú sókè, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ojú kan láàárín wọn.

"Ìdí-Ahùn," ó ní. "Ọ̀dọ̀ ta ni mo ń lọ níbẹ̀?"

Ó wá ọ̀pá rẹ̀ títí, kò rí i. Ó di òkúta mú, ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà òkè, síhà ilé rẹ̀.